Gláídà kan fún òfurufú Máàsì: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ mi

Àwọn àgbà ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Èmi ni ará ilẹ̀ yẹn láti kékeré. Lẹ́yìn ilé wa ní Abẹ́òkúta, tí oòrùn bá ti mú orí àpáta gbóná tán, bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀, àwòdì á bẹ̀rẹ̀ sí í rà bàbà lókè. Kì í ju apá. Á kàn na ìyẹ́ méjèèjì, á máa yí po lójú kan, á sì máa ga sí i títí ojú ò fi ní tó o mọ́. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gòkè láti ara àpáta ló ń gbé e. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ńṣe ni ẹyẹ náà ń sọ̀ kalẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ ń yára gòkè ju bí òun ṣe ń sọ̀ lọ.

Luton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ń gbé báyìí. Iṣẹ́ amúlétutù ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ sì ni mò ń bá jí, òun ni mò ń bá sùn. Ní ọdún 2022 mo kà nípa àbá kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Arizona gbé jáde. Adrien Bouskela àti ọ̀gá rẹ̀, Sergey Shkarayev, wà lára wọn, àwọn kan láti NASA sì bá wọn ṣe é. Wọ́n ní kí a rán gláídà lọ sí Máàsì: ọkọ̀ òfurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí kò gbé epo, tí yóò máa fi afẹ́fẹ́ ibẹ̀ rà bàbà bíi ti àwòdì ẹ̀yìn ilé wa. Apá rẹ̀ láti ìkángun kan dé èkejì lé díẹ̀ ní mítà mẹ́ta, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ kílò márùn-ún. Láti ọjọ́ tí mo ti kà á ni kò ti kúrò lọ́kàn mi. Lọ́dún yìí mo pinnu pé n ó kan ọ̀kan, kí n lè fi ọwọ́ ara mi mọ ibi tí ìṣòro rẹ̀ gan-an wà. Òkè Ivinghoe Beacon, tí kò jìnnà sí ilé wa, ni tèmi yóò ti máa fò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí gláídà fi wúlò níbẹ̀ ná. Òkè réré ni àwọn sátẹ́láìtì ti ń wo Máàsì. Ọkọ̀ tó ń fi táyà rìn nílẹ̀ ń rí òkúta iwájú rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ìrìn rẹ̀ ò yá: Curiosity balẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ó sì lò ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó rin 30 kílómítà. Helikópítà kékeré tó ń jẹ́ Ingenuity gbìyànjú gan-an. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2021 ló kọ́kọ́ fò, ìgbà 72 ló sì fò kí apá rẹ̀ tó bàjẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n bátìrì ló ń gbé e. Tí a bá ro gbogbo ìṣẹ́jú tó lò lófurufú pọ̀, wákàtí méjì àti díẹ̀ ni, gbogbo ọ̀nà tó sì rìn kò ju nǹkan bíi kílómítà 17. Àárín ló ṣófo: afẹ́fẹ́ tó wà láti ilẹ̀ dé kílómítà mélòó kan sókè, àti ẹ̀gbẹ́ àwọn ọ̀gbun. Ọ̀gbun Valles Marineris gùn tó 4,000 kílómítà, ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ tó kílómítà méje. Kò sí táyà tó lè gun ògiri bẹ́ẹ̀. Ògiri bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni gláídà ń wá, torí pé tí oòrùn bá ti mú un gbóná, afẹ́fẹ́ á máa gùn ún lọ sókè bó ṣe ń gun àpáta Abẹ́òkúta.

Oṣù Kejì, ọ̀sẹ̀ kejì

Ìṣirò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lórí tábìlì ìdáná, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sùn.

Ẹ fojú inú wo àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Níbí, afẹ́fẹ́ tó kún inú rẹ̀ fi díẹ̀ wúwo ju kílò kan lọ. Ní Máàsì, nǹkan bíi 20 gíráàmù ni, ìyẹn ṣúgà ṣíbí kékeré márùn-ún. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ báyẹn ni apá gláídà fẹ́ gbára lé. Ohun tó fi rọrùn díẹ̀ ni pé ilẹ̀ Máàsì kì í fa nǹkan wálẹ̀ tó tiwa: ẹrù tó bá wọn kílò mẹ́wàá lórí ìwọ̀n wa, ìwọ̀n ibẹ̀ á kà á sí mẹ́rin ó dín díẹ̀. Nígbà tí mo pa méjèèjì pọ̀, ohun tó jáde ni pé gláídà kan náà gbọ́dọ̀ sáré ní ìlọ́po 4.8 eré tó ń sá níbí kó tó lè gbé ara rẹ̀ ró ní Máàsì. Èyí tó ń fi mítà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan fò níbí, eré ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, á ní láti fi mítà 29 fò níbẹ̀, eré mọ́tò lójú títì márosẹ̀.

Ibi tó ti wá le ni pé apá kékeré kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́. Àwọn onímọ̀ ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà Reynolds, tó ń sọ bóyá afẹ́fẹ́ máa ń yọ̀ kọjá lára apá tàbí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Apá tí mo fẹ́ gé yìí, bíi 80,000 ni tirẹ̀ níbí. Ní Máàsì, pẹ̀lú gbogbo eré yẹn, kò ní ju bíi 10,000 lọ. Agbègbè tí àwọn kòkòrò ńlá ń gbé nìyẹn. Afẹ́fẹ́ á tètè já kúrò lára apá, á sì máa fa gláídà sẹ́yìn.

Ọmọ mi àgbà jí wá mu omi, ó bá mi nídìí ẹ̀. Ó wo ìwé náà títí, ó ní, "Dádì, ṣé kò síbi tó rọrùn ju Máàsì lọ ni?" Ìbéèrè gidi ni. A jókòó ti ti Titan, òṣùpá kan tó ń yí Saturn po. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ nípọn tó ìlọ́po mẹ́rin tiwa, ilẹ̀ ibẹ̀ ò sì fa nǹkan tó ìdá kan nínú méje bí tiwa ṣe ń fà á. Gláídà wa á máa fi mítà kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá fò níbẹ̀. Èèyàn á lè máa fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e lábẹ́. Òtútù ibẹ̀ ló burú, ó tó nǹkan bíi 179 sísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Celsius. Huygens, ẹ̀rọ tí àwọn ará Yúróòpù rán síbẹ̀, fi párásúùtù sọ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2005, ó sì lò ju wákàtí méjì lọ lójú òfurufú kó tó fara kan ilẹ̀, torí bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe nípọn tó. Ọmọ náà tún béèrè nípa Àgùàlà (Venus). Mo ní ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná ju ààrò lọ, àmọ́ ní nǹkan bíi kílómítà 54 sókè, ara lè gbà á. Soviet tú bàlúùnù méjì síbẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1985, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì bá afẹ́fẹ́ lọ fún bí ọjọ́ méjì láìsí ẹ́ńjìnnì kankan. Inú rẹ̀ dùn sí ti bàlúùnù yẹn ju gbogbo ìṣirò mi lọ.

Ìparí oṣù Kejì

Mo fẹ́ kí apá yìí ṣeé ká, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn ará Arizona ti wù mí jù. Àbá wọn ni kí a ká gláídà sínú àpótí sátẹ́láìtì kékeré tí wọ́n ń pè ní CubeSat, kó bá ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ sí Máàsì gùn. Tó bá débẹ̀, apá á ṣí ara rẹ̀ bíi bébà tí wọ́n ká, tàbí kí gáàsì fẹ́ ẹ títí yóò fi le. Èmi mú ti kíká.

Mítà méjì ni apá náà láti ìkángun dé ìkángun, ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Mo pín in sí mẹ́ta: àárín jẹ́ 80, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60. Wáyà gbígbóná ni mo fi gé fóòmù. Tí wáyà yẹn bá gbóná dé ibi tó yẹ, ńṣe ló máa ń gba inú fóòmù kọjá bí ọ̀bẹ ṣe ń gba inú ẹ̀kọ tútù. Tó bá gbóná jù, fóòmù á yọ́ sẹ́yìn, ojú apá á wá rí jágajàga. Apá mẹ́ta ni mo bàjẹ́ kí ọwọ́ mi tó mọ́ ọn. (Ẹ ṣílẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀ gbayawu tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, èéfín rẹ̀ ò dáa fún èèyàn.)

Ọ̀pá kábọ̀n kan la inú àárín apá kọjá. Níbi tí ẹ̀gbẹ́ ti pàdé àárín, mo lẹ téèpù onífọ́nrán sókè, òun ló ń ṣiṣẹ́ ìńjìsì. Nísàlẹ̀, mo fi pílíwúùdù mìlímítà mẹ́ta ṣe ahọ́n kan tó ń wọ inú àpò tí mo gbẹ́ sára apá kejì. Tí apá bá ti nà, tí ahọ́n ti wọ àpò, sukúrù kékeré kan ló ń dì í mú. Tí mo bá ká gbogbo rẹ̀, ó wọ inú páálí sẹ̀ǹtímítà 82.

Ọ̀pá kábọ̀n mìíràn ni mo fi ṣe ara ọkọ̀, pẹ̀lú imú tí mo fi fóòmù gbẹ́. Servo mẹ́rin, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń darí ọkọ̀, wà nínú rẹ̀, méjì fún apá, méjì fún ìrù. Bátìrì tó wà nímú, àwọn servo àti risífà tó ń gba àṣẹ láti rìmóòtù ọwọ́ mi nìkan ló ń bọ́. Kò sí ohun tó ń ti ọkọ̀ náà síwájú àfi òkè àti afẹ́fẹ́.

Oṣù Kẹta, ọ̀sẹ̀ kejì

Ọjọ́ ìwọ̀n. Mo gbé gbogbo rẹ̀ sórí ìwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn ìyẹ̀fun. 500 gíráàmù ni mo ti fi sọ́kàn. 780 ló kọ síbẹ̀.

Mo tú u palẹ̀ mo sì wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Apá 390. Ara 150. Ìrù 60. Servo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin 36. Risífà àti ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ gíga àti ooru sílẹ̀ 10. Bátìrì 60. Òjé 74. Òjé yẹn ni mo tẹjú mọ́. Kò gbé nǹkan kan, kò darí nǹkan kan. Mo kàn tì í sí imú kí ọkọ̀ má fi ìdí tẹ̀ ni. Ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ dọ́gba lórí ìka méjì ní ibì kan pàtó lábẹ́ apá. Tí ẹ̀yìn bá wúwo jù, kò ní ṣeé darí.

Mo lọ sùn pẹ̀lú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ní n ó kọ́kọ́ fò ó wò ná.

Oṣù Kẹta, Sátidé ìkẹyìn

Ivinghoe Beacon. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn, ó ń kọlu ẹ̀gbẹ́ òkè gan-an bí a ṣe fẹ́ ẹ. Nọ́ńbà tí mo gbà nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, mo ti kọ ọ́ sí abẹ́ ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ibí ṣe ní ká ṣe. Bàbá òyìnbó kan tó ti ń fò níbẹ̀ tipẹ́ bá mi dì í mú, ó fi ìka méjì gbé e lábẹ́ apá, ó mi orí. Ó ní á fò, àmọ́ á sáré.

Ó fò lóòótọ́. Mo jù ú síwájú, ó kọ́kọ́ rì díẹ̀, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. N kò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú àáyá, ó ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú òkè. Mo wá fẹ́ yí i padà, ó ti ń yára jù, mo fa rìmóòtù le. Mo gbọ́ kàù! Apá òsì ká lọ sókè bí ẹni pé ó fẹ́ padà sínú páálí rẹ̀, ọkọ̀ sì yí bírí-bírí lọ sísàlẹ̀, ó wọ inú igi ẹlẹ́gùn-ún lọ.

Ọmọ mi ò sọ̀rọ̀. Ó kàn tẹ̀lé mi lọ sísàlẹ̀ lọ ṣà á.

Ọjọ́ kejì

Mo ya fọ́tò ibi tó ti kán, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta. Káfíńtà ni. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi pè mí.

"Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló gé igi yìí?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ojú igi ẹ ló dábùú. Wo ibi tó ti kán, ó mọ́ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Igi tí wọ́n bá gé bó ṣe yẹ kì í kán báyẹn, ńṣe ló máa ń ya fọ́nrán-fọ́nrán. Á ti kìlọ̀ fún ẹ kó tó lọ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé pílíwúùdù ò lójú ni."

"Igi wo ni kò lójú? Ìpele mẹ́ta ló wà nínú èyí tó o lò. Méjì lọ síbì kan, ọ̀kan tó wà láàárín ló dábùú wọn. Méjì yẹn ni kó lọ ní gígùn ahọ́n. Ìwọ jẹ́ kí ọ̀kan ṣoṣo máa gbé ẹrù àwọn méjì."

Mo mú awò tó ń mú nǹkan tóbi, mo wò ó lábẹ́ iná. Bó ṣe wí gẹ́lẹ́ ni. Ìpele òkè àti ìpele ìsàlẹ̀ já geere, láìsí fọ́nrán kan tó yọ jáde. Ìpele àárín nìkan ló ní irun-irun bíi ti pákò tí èèyàn rún. Igi tín-ínrín mìlímítà kan yẹn ló dá dúró fún ogójì ìṣẹ́jú àáyá.

Oṣù Kẹrin

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe, ìwọ̀n ni mo sì dojú kọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ohun tí òjé yẹn kọ́ mi nìyí. Ìrù jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ti dọ́gba ní sẹ̀ǹtímítà 75, imú jìnnà sí i ní 25. Nítorí náà gíráàmù kan nídìí ń béèrè mẹ́ta nímú. Mo gbé ìrù àkọ́kọ́ sọ nù, mo fi balsa, igi fífúyẹ́ kan, tín-ínrín ṣe òmíràn tí inú rẹ̀ ṣófo, tí mo fi nylon fẹ́lẹ́ bò. Ó bọ́ láti 60 sí 35. Gíráàmù 25 tí mo yọ nídìí lé gbogbo òjé 74 kúrò nímú. Mo dá gláídà dúró lórí ìka méjì láìsí òjé, ó dọ́gba, kò mì. Mo pe ìyàwó mi jáde wá wò ó.

Téèpù tó nípọn tí mo fi bo apá ni mo ṣí kúrò lẹ́yìn náà, mo fi nylon kan náà rọ́pò rẹ̀, mo sì gbẹ́ inú fóòmù níbi tí kò ti gbé ẹrù: apá di 330. Mo fi sáńpépà fá imú títí ara fi di 139. Ahọ́n tuntun méjì, ojú igi wọn lọ ní gígùn. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀, 610.

Ní Máàsì ni ìyàtọ̀ yìí ti máa ń dunni. Nígbà tó wọn 780, eré tó gbọ́dọ̀ sá kó má jábọ́ lójú òfurufú ibẹ̀ jẹ́ bíi mítà 32 ní ìṣẹ́jú àáyá. Báyìí tó wọn 610, ó di bíi 28. Mítà mẹ́rin tó dín kù yẹn, nínú òjé àti téèpù ló wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Arizona fi ń bá kílò márùn-ún jà lórí apá tó lé ní mítà mẹ́ta, tí kámẹ́rà àti àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn òtútù àti gáàsì sì gbọ́dọ̀ wà nínú kílò náà. Wọ́n ti so èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe mọ́ bàlúùnù, ó sì rọra bá a sọ̀ kalẹ̀ sílẹ̀. Tí èèyàn bá fẹ́ rí afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ bíi ti Máàsì láì kúrò láyé, ó gbọ́dọ̀ gun òkè tó nǹkan bíi kílómítà 30. Gláídà tó gbé èèyàn, Perlan 2, ti ju kílómítà 22 lọ ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ní Argentina, pẹ̀lú ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń ta lórí òkè Andes nìkan.

Oṣù Karùn-ún, Sátidé àkọ́kọ́

Ìwọ̀ oòrùn lẹ́ẹ̀kan sí i, afẹ́fẹ́ ò le púpọ̀. Mo dúró ní etí òkè, koríko gígùn ń tẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ mi, ó ń nà, ó tún ń tẹ̀. Mo fẹ́ràn láti máa wo koríko yẹn kí n tó ju ọkọ̀, torí ó ń fi hàn mí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gòkè gan-an: kì í ṣe ní orí òkè, bí kò ṣe ìgbésẹ̀ mélòó kan síwájú rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Mo so òwú pupa kékeré kan mọ́ imú gláídà. Nígbà tí mo gbé e sókè, òwú náà kọ́kọ́ ń jó kiri. Mo sún síwájú díẹ̀. Òwú náà dúró, ó nà sẹ́yìn, ó wá ń tọ́ka sókè. Apá rẹ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, bí ìgbà tí ọmọ tí o gbé fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò jù ú. Mo kàn ṣí ọwọ́.

Ó gòkè láti ibi tó wà. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ló lò lójú òfurufú. Ọmọ mi ló ń ka aago. Èmi ni mo mú un wálẹ̀, torí ọrùn ti ń dùn mí.

Ìparí oṣù Karùn-ún

Ohun méjì ni mo ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Àkọ́kọ́, mo dúró de ìrọ̀lẹ́ tí kò sí afẹ́fẹ́, mo jù ú láti orí òkè kó fò lọ sísàlẹ̀ tààrà, kí ẹ̀rọ inú rẹ̀ kọ bó ṣe ń sọ̀ sílẹ̀. Ìlàjì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé tó bá rin mítà méjìlá síwájú, á sọ̀ mítà kan. Tí mo bá gbé e lọ sí Máàsì, sísọ̀ náà á di ìlọ́po 4.8, bíi mítà méjì àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí afẹ́fẹ́ tó ń gun ògiri ọ̀gbun kò bá yára tó bẹ́ẹ̀, ó ń bọ̀ nílẹ̀ nìyẹn.

Ìdí nìyí tí àwọn ará Arizona ò fi gbára lé afẹ́fẹ́ tó ń gòkè nìkan. Ọgbọ́n kejì wà, èyí tí albatross, ẹyẹ òkun ńlá yẹn, ń lò. Lord Rayleigh, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1883. Afẹ́fẹ́ tó súnmọ́ ilẹ̀ máa ń falẹ̀, èyí tó wà lókè máa ń yára. Ẹyẹ náà á dojú kọ afẹ́fẹ́, á gòkè láti inú èyí tó falẹ̀ bọ́ sínú èyí tó yára. Bó ṣe ń bọ́ síbẹ̀ ni eré tó wà lára apá rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Á wá yí ẹ̀yìn padà, á bá afẹ́fẹ́ sáré wálẹ̀, á tún yí padà. Gbogbo yíyí kan ni èrè rẹ̀. Kò béèrè kí afẹ́fẹ́ gòkè rárá, ó kàn béèrè kí afẹ́fẹ́ òkè àti tìsàlẹ̀ má dọ́gba. Ní California, ní ọdún 2021, Spencer Lisenby fi ọgbọ́n yìí mú gláídà rìmóòtù sá ju 880 kílómítà ní wákàtí kan lọ. Kò sí ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀. Èmi dán yíyí kan péré wò lẹ́yìn òkè, ní àárọ̀ kùtù tí ẹnikẹ́ni ò tíì dé. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i: ohùn apá yí padà láti fùùù sí ìsúfèé tó já gaara, ọkọ̀ sì jáde láti ẹ̀yìn òkè pẹ̀lú eré tí n kò fún un. Mo mú un balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. N ó padà síbẹ̀ tí ahọ́n bá ti di mìlímítà márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ bíbalẹ̀ ni ohun kejì. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ yìí bá balẹ̀, nǹkan kan máa ń ha: imú, ìrù, tàbí etí apá. Mítà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá sì ni, lórí koríko. Ní Máàsì, bíi mítà 29 ni, lórí òkúta, agbára tó fi máa kọlu ilẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po 23. Kò sí ẹni tó máa gbé e padà gun òkè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni gláídà máa balẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Arizona gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní níbi tó bá balẹ̀ sí, kó máa wọn ojú ọjọ́ lọ láti ibẹ̀, kó máa fi ránṣẹ́.

Nígbà tó balẹ̀ kẹ́yìn lánàá, tó sùn sínú koríko nísàlẹ̀ òkè, ọmọ mi ti gbéra láti lọ gbé e. Mo ní kó jókòó. A jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tí ìyàwó mi dì fún wa, a ń wò ó láti òkè. Lẹ́yìn wákàtí kan la lọ gbé e. Ní alẹ́, mo kó ohun tó kọ sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà: ìlà gíga tó ń lọ sókè sódò fún ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún, tó wá já wálẹ̀, tó sì dúró gbọnrangandan. Lábẹ́ rẹ̀, ìlà ooru ṣì ń kọ tirẹ̀ lọ, láti 14.2 sí 13.6, sí 12.9, bí oòrùn ṣe ń wọ̀.